Ta Ló Sọ Pé Orúnkún Mídé Ò Dá?

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú àìrí wa, ẹ kú àdúrà orí wa. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín láti Kettering ní Amẹ́ríkà níbí, Bàbá Mídé náà dọ̀bálẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ wọn. Mo kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Báyọ̀, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Tìrẹ ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yìí. Gbangba ni mo ti bú ẹ, lójú òpó ẹbí wa lórí wásáàpù, gbangba náà ni mo sì fẹ́ kí èyí ti jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa, èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ yín nílé.

Òtútù ò tíì lọ níbí o, Màmá. Oṣù kẹta ti fẹ́ parí, síbẹ̀ káàdígàn méjì ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wákàtí méjìlá ni mo ń fi ẹsẹ̀ dúró ní ọsibítù. Tí mo bá délé, Bàbá Mídé ti lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Landover. Èmi àti ògiri là ń wo ara wa. Ẹni tó bá dá wà bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tí kò ní máa fura sí. Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́.

Bọ́ọ̀lù tí Mídé ọmọ mi ń gbá ní yunifásítì kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ mọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe kó gbé bọ́ọ̀lù. Ẹni tó gbé e ni yóò lé bá, tí yóò gbé ṣánlẹ̀. Lóṣù kẹrin ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń sanwó yóò jókòó, tí wọn yóò máa pe orúkọ àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n fẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Dráfùtì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọ́n bá tètè pè, ayé rẹ̀ yí padà nìyẹn. Ẹni tí wọn ò pè, ó di kó máa wáṣẹ́ kiri bíi tiwa. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa to àwọn ọmọ yìí sípò: ta ló lágbára jù, ta ló yára jù, ta ni ara rẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tí gbogbo èèyàn ń ka ohun tó bá kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nínú àwọn tó ń dènà, ipò kẹjọ ló kọ́kọ́ fi Mídé sí. Inú mi dùn, àmọ́ mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àfi bí mo ṣe ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí i pé ọmọ mi ti já sí ipò kọkànlélọ́gbọ̀n. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ Mídé pé òun gbọ́ láti inú ẹbí rẹ̀ pé orúnkún rẹ̀ ò dá, pé ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le. Yéè! Láti inú ẹbí!

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ìyá kan nínú ìjọ wa tó ń gbé ní Accokeek ti bi mí nígbà kan pé ṣé eré yìí ò ní ṣe Mídé léṣe; ni mo bá yí ìjókòó mi padà ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí rẹ̀. Mo fura sí Bàbá Mídé pàápàá, mo yẹ fóònù rẹ̀ wò nígbà tó ń wẹ̀. Kí Ọlọ́run má bínú. Ṣùgbọ́n Báyọ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Nígbà tí orúnkún dun Mídé fún ọ̀sẹ̀ méjì ní sẹ́kọ́ńdìrì, Báyọ̀ nìkan ni mo sọ fún nílé, ẹ sì mọ̀ pé Báyọ̀ ò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ pa mọ́ sínú. Mo lọ kọ ọ́ sójú òpó ẹbí pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo dárúkọ rẹ̀. Ó búra pé òun ò mọ ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà, mo ní òpùrọ́ ni. Màmá, ẹ pè mí, ẹ ní kí n fi sùúrù ṣe é, mo ní ẹ̀ ń gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ forí jì mí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni Mídé wálé. Ó jẹun tán, ó ní òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ẹni tó ń ṣojú òun lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti pe ọkùnrin tó ń to orúkọ náà, ó sì bi í pé ta ló sọ̀rọ̀ orúnkún. Ọkùnrin náà ní ìyá Mídé ni.

Mo ti fẹ́ figbe ta. Ni mo bá rántí. Ọkùnrin kan pè mí lẹ́yìn ọdún tuntun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́, mo jókòó sínú mọ́tò. Ó yin Mídé títí: ó ga, ó yára, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. A kì í kúkú ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àjèjì tí mi ò rí rí, tó ń yin ọmọ mi báyìí, kí ló ń wá? Ó wá béèrè bí ara rẹ̀ ṣe le sí. Mo ní háà, ó kàn ń gbìyànjú ni. Mo ní orúnkún yẹn náà ń dà á láàmú, kò lágbára tó bí wọ́n ṣe ń wò ó, Ọlọ́run ló ń ràn án lọ́wọ́. Mo pa fóònù, mo ní mo ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ ojú burúkú, mo sì gbàgbé.

Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Nígbà tí mo bí i, tó sanra bí ọmọ ọlọ́dún kan, tí ẹnikẹ́ni bá ti ní ọmọ yìí mà tóbi o, ẹ̀ ń dá a lóhùn pé kò mà jẹun láti àná. Ẹ fi dáàbò bò ó. Èmi náà rò pé ààbò ni mò ń ṣe. Òyìnbó yẹn kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Kí ló mọ̀?

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Mídé ti mọ̀; kò sọ, kójú má baà tì mí. Ó ní láti kékeré, tóun bá gba ipò kìíní ní kíláàsì, òun máa ń gbọ́ tí mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun kàn ń gbìyànjú. Ó ní ó pẹ́ tóun ti ń retí kóun gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé òun dára. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo pe ọkùnrin náà lọ́jọ́ kejì, mo ní irọ́ ni mo pa, kò sí nǹkan tó ṣe orúnkún ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ìyá ló ń sọ bẹ́ẹ̀ tí dráfùtì bá ti kù díẹ̀. Òun náà wá ń fura sí mi! Ipò kọkànlélọ́gbọ̀n náà ló ṣì wà.

Báyọ̀, èmi ni kòkòrò ìdí ẹ̀fọ́ yẹn, ìwọ kọ́. Jọ̀ọ́, nítorí Màmá, dárí jì mí. Mo ti bẹ ìyá ará Accokeek náà, mo sì ti padà sí ìjókòó mi.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Màmá. Ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́, ilé á tòrò. Ẹ bá mi kí tẹbí-tará, kẹ́ ẹ má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n rọra, ẹ má ní káyé má gbọ́. Mídé ọmọ mi lágbára. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì le koko. Ọmọ mi dára, ó dára gan-an ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó gbọ́.

Ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀