Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án láti Kellow dé Pinder

Tamsin ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Jọ̀wọ́ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ ní Melbourne, àti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà kò yẹ kó máa fi ìwé kíkọ rẹ̀ yọ ọmọ tó ti gboyè lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya ìwé yìí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ò ń jẹun? Ara wa le níbí, òjò sì ti rọ̀ débi pé táǹkì kún.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé olùkọ́ wa, Ìyáàfin Farrugia, ní kí n ṣètò bí kíláàsì wa yóò ṣe gun kẹ̀kẹ́ ṣeré lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lójú irin àtijọ́ tí wọ́n ti hú irin rẹ̀ kúrò, láti Kellow dé Pinder. Èmi! Ẹni tí kò ṣíwájú ohunkóhun rí. Bí wọn ò bá wá ńkọ́? Dulcie ọmọ kíláàsì wa, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ti ń sọ pé ìdí òun kò gba ìjókòó kẹ̀kẹ́ mọ́, pé bó bá jẹ́ pé a máa sáré, kí n yọ òun kúrò. Bí Dulcie bá sì yọ, àwọn mẹ́rin tó kù á tẹ̀lé e. Mo ní eré pẹ̀lẹ́ ni, tíì wà, kéèkì wà.

Olùkọ́ ní kí n kọ́kọ́ gun ọ̀nà náà fúnra mi, kí ètò kan lórí fóònù, tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ níbi gbogbo máa ń wò, ka àkókò rẹ̀. Mo tẹ ibi tó ní kí n tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí kí fóònù má já bọ́, mo bá gbé e fún Clarrie aládùúgbò wa, kó fi sínú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì tíì, kó gba títì ńlá lọ dúró dè mí ní Pinder. Ó wo àwọn okùn ike tí mo so ṣóńṣó mọ́ akoto mi nítorí àwọn ẹyẹ tó ń já lu ènìyàn lórí lásìkò yìí, ó ní ṣé kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ gùn àbí mo fẹ́ di òòrẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ.

Tamsin, ó ṣe mí bíi pé mo pẹ́ lójú ọ̀nà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti kẹ̀kẹ́ gun òkè, mo jókòó lórí afárá jẹ ápù. Nígbà tí mo dé, Clarrie ti mu tíì tán, ó ń hanrun. Ṣùgbọ́n fóònù ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni! Kìlómítà mẹ́tàlá! Ó fún mi ní àwòrán adé, ó ní kò sí ẹni tó yára tó mi rí lọ́nà náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣàṣìṣe, àmọ́ Ìyáàfin Farrugia máa ń kọ ọ́ sí etí ìwé mi pé kí n yéé fojú kéré ara mi. Mo bá gbà.

Àwọn ọ̀dọ́ mọ́kànlá kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ní ìlú yín ti kọ̀wé sí mi lórí fóònù, wọ́n ní irú kẹ̀kẹ́ wo ni mo ń gùn. Mo ní aláwọ̀ búlúù ni, tó ní apẹ̀rẹ̀ níwájú. Ọ̀kan nínú wọn, Rhett, ní màmá, ẹ má fi wá ṣẹ̀sín, kí n ṣáà sọ àṣírí ẹsẹ̀ mi fún àwọn. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí wọ́n mú kéèkì dání, kí wọ́n tò sẹ́yìn Dulcie, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ adé.

Jọ̀wọ́ fi ogójì dọ́là ránṣẹ́ kí n fi pààrọ̀ bíréèkì. Èyí tó wà níbẹ̀ ti gbó, kò yẹ ẹni tó ń sá irú eré báyìí. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, ibi tí o bá forí lé á máa tẹ́jú fún ọ.

Má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni o, pàápàá ẹni tó lè sọ fún Dulcie. Àná ló gbà láti wá. Bó bá gbọ́ bí mo ṣe yára tó, kò ní jáde nílé. Mo máa rọra gùn ún lọ́jọ́ náà, wọn ò ní mọ̀.

Ìyá rẹ,
Noreen