Ìrora Tí A Pàtẹ́wọ́ Fún

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹwàá 1994

Odò Songhua kò tíì dì, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dì láàárọ̀ yìí. Orí-kunkun tẹ̀ lé mi lọ sí ọgbà! Ọkọ mi — ẹni tó ń pe iṣẹ́ èémí wa, mímí tí a fi ń wo àìsàn, ní "eré àwọn tó ń gbá atẹ́gùn mú." Inú tó ń run ún ló jẹ́ kó gbà. Ó dúró sẹ́yìn Màmá Luan, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé igbá omi, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé òtútù.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹwàá

Inú náà ń run ún sí i. Mo sọ fún Olùkọ́ Qiu tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ èémí. Ó rẹ́rìn-ín: "Ìyá Xia, ẹ kú oríire! Èémí ti ká àìsàn náà mọ́ ibùba ni. Ẹ ti rí olè tó rọra jáde rí?" Bí a ṣe ń ṣe ni a ṣe — ẹni tí ara ń ro bọ́ sí àárín, ó jẹ́rìí, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Orúnkún Màmá Luan náà ro ó lọ́dún tó kọjá. Ní báyìí ó ń gun àtẹ̀gùn bí ọmọge. Ẹ̀yìn tèmi ńkọ́? Ó ti san.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ kábéèjì. Gbogbo ilé ló ń kó ti ìgbà òtútù wọlé. Orí-kunkun kò lè gbé ẹyọ kan. Xia ọmọ wa wá láti òdìkejì odò láti ràn wá lọ́wọ́, ó ṣí àpótí, ó rí oògùn bàbá rẹ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Ariwo sọ. "Màmá, kí ló dé tí wọn ò lo oògùn wọn?" Mo ní oògùn máa ń tú èémí ká. "Ta ló sọ ọ́? Qiu tó ń tún rédíò ṣe lánàá òde yìí?" Orí-kunkun ló gbèjà mi. Ó ní kó má fi ohùn yẹn bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé òun ń mọ̀ ọ́n lára pé ó ń ṣiṣẹ́.

Àìkú, 23 Oṣù Kẹwàá

Kò jẹun. Omi ẹ̀kọ jéró nìkan.

Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹwàá

Ó bì. Ohun tó bì dúdú bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ bá Olùkọ́ Qiu pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Ó ní ìdọ̀tí inú ló ń jáde, kí n má gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọn yóò ti fi ọ̀bẹ dá iṣẹ́ èémí dúró. Ọkàn mi balẹ̀. Mo fọ abọ́ náà, mo ń kọrin. Ó bi mí láti orí ibùsùn: "Ṣé bó ṣe ṣe ìwọ náà nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Irọ́ ni. Ẹ̀yìn tèmi kàn gbóná díẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹwàá

Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ, pé òun fẹ́ jẹ́rìí. Ó bọ́ sí àárín, ó di ikùn mú: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ń dùn mí o, ó ń dùn mí gan-an ni." A pàtẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ṣubú. A ṣì ń pàtẹ́wọ́ — a rò pé èémí ló gbé e ṣubú. Èmi náà ń pa á. Ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀ ni mo tó dákẹ́.

Ẹtì, 28 Oṣù Kẹwàá

Egbò ló wà nínú ikùn rẹ̀, ó sì ti lu. Dókítà ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ kò ju Xia lọ lọ́jọ́ orí. "Ìyá, kí lẹ ń dúró dè láti ọjọ́ yìí?" Ohùn rẹ̀ kò le. Ì bá sàn kó bú mi.

Orí-kunkun kú ní ìrọ̀lẹ́ àná.

Àìkú, 6 Oṣù Kọkànlá

Kábéèjì ń rà lẹ́nu ọ̀nà. Xia kì í bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá sọ ọ́, "ẹ jẹun" ni.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kọkànlá

Màmá Luan wá kí mi. Ó gbé búrẹ́dì tó fi ooru omi sè fúnra rẹ̀ wá, ó sunkún, ó dì mọ́ mi. Ó ní Olùkọ́ Qiu sọ pé Bàbá Xia pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, pé iyèméjì wà lọ́kàn rẹ̀.

Ó wá rọra sún mọ́ mi, ojú rẹ̀ ń dán: láti ọjọ́ Ajé ni àyà ti ń dun òun, ó ń fún òun, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí apá òsì. "Ó ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Xia! Ó ti kan tàyà báyìí!"

Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn báyìí-báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ. Ó wò mí tàánú-tàánú bí ẹni ń wo ọmọ aláìsàn. "Ìbànújẹ́ ló dí èémí yín. Ẹ padà wá sáàárín wa, ẹ ó rí i." Ó já aṣọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni mo mú un wọ ẹgbẹ́ náà.

Mo ṣí fèrèsé. Ó dúró létí títì, ó fọwọ́ lé àyà, ó mí kanlẹ̀, ó tún ń lọ sápá ọgbà. Mo pariwo orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí mi.