Iyọ̀ Tí Ọ̀gá Pààrọ̀

Ọjọ́ Ẹtì, Máfolúkù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré tí mo di ìyàwó, ayọ̀ ò jẹ́ kí n mí dáadáa, àfi ọ̀gá ọkọ mi tó bí mi nínú lónìí!

Wọ́n ń fi iná mànàmáná lẹ fàdákà mọ́ irin ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Nígbà tí mo yà sọ́dọ̀ ọkọ mi níbẹ̀, ṣíbí oníbàárà kan ti ṣú dúdú. Ọ̀gá ní, "Dàpọ̀, ìyàwó ti gba ọpọlọ rẹ. Máa lọ ilé!"

Irọ́! Òun ló ra iyọ̀ sódíọ̀mù dípò ti pọtásíọ̀mù tí wọ́n ń pò sómi fàdákà, ó ní iyọ̀ ni iyọ̀.

Dàpọ̀ po ti pọtásíọ̀mù tó ṣẹ́kù sómi tuntun, ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, ó so ó mọ́ wáyà iná, ó rì í sínú omi náà. Ó yọ ọ́, ó ń dán gbinrin!

Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹ rí i? Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ojú ò tì í! Òrùka Dàpọ̀ wá dán ju tèmi lọ. Lọ́la, tèmi náà á wọ omi yẹn.