Ọ̀sẹ̀ Tí Ohùn Mi Lọ

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti yéé gun orí tábìlì? Ìyá wa ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń ríran dáadáa? Àwa náà wà níbí, a ò ráhùn. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn ìdákẹ́jẹ́ nínú ilé fún ọjọ́ márùn-ún gbáko. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ó ti pé oṣù méjì tí o ti kọ̀wé sí mi gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé o ò bínú, mo sì mọ̀ pé o bínú díẹ̀. Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi.

O rántí pé mo fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún, mo lọ kàwé sí i, mo sì gba ìwé àṣẹ tí nọ́ọ̀sì fi lè yẹ aláìsàn wò kó sì kọ oògùn fún un. Mo wá sọ fún ọ̀gá dókítà wa pé oògùn nìkan ò tó. Pé mo fẹ́ máa jókòó ti aláìsàn, kí a jọ wo oúnjẹ rẹ̀, oorun rẹ̀, ìrìn rẹ̀ àti ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kí n sì bá a rìn títí ìwà tuntun yóò fi mọ́ ọn lára. Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n fún mi ní yàrá kan tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣẹ́ sí, wọ́n ní oṣù mẹ́ta péré: bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tí àwọn fà lé mi lọ́wọ́ kò bá wálẹ̀, kí n padà sí wọ́ọ̀dù, kí àwọn bẹ́ẹ̀dì náà padà sí yàrá wọn.

Mo fọ yàrá náà, mo kùn ún ní àwọ̀ ewé, mo gbé àga méjì tó tura síbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìwọ lo sọ mí ní Asọ̀rọ̀-má-sinmi nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, o ò purọ́ mọ́ mi. Mo sọ̀rọ̀ iyọ̀, mo sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́, mo sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń mí sínú, tí a ń mí síta. Bàbá kan wà láàárín wọn tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ohunkóhun tí mo bá sọ, "Mo ti gbọ́" ni bàbá máa ń wí, ni mo bá kúkú sọ wọ́n ní Bàbá Mo-ti-gbọ́. Bàbá ti gbọ́ lóòótọ́, ìfúnpá wọn ni ò gbọ́. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù mẹ́ta mi pé, ọkàn mi sì ń já.

Àfi bí mo ṣe jí ní ọjọ́ Ajé kan tí ohùn mi lọ pátápátá. Mo fẹ́ kí ọkọ mi káàárọ̀, atẹ́gùn lásán ló jáde. Ọkọ mi rọra dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mi ò lè pa iṣẹ́ jẹ, ni mo bá mú ìwé àti bírò lọ. Nígbà tí Bàbá Mo-ti-gbọ́ dé lọ́jọ́ kejì, mo kọ ìbéèrè kan ṣoṣo síwájú wọn: "Nínú gbogbo ohun tí mo ní kí ẹ máa ṣe, èwo ló nira jù fún yín?"

Bàbá kà á. Wọ́n wò mí, wọ́n ń retí kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ dà? Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, oògùn alẹ́ yẹn, mi ò lò ó mọ́ o. Inú ìkòkò òdòdó ìyàwó mi ni mò ń jù ú sí."

Ká ní mo lóhùn ni, ǹ bá pariwo. Wọ́n ní oògùn náà máa ń jẹ́ kí àwọn fẹ́ tọ̀ lóru, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn ń sùn, ìsàlẹ̀ ni ilé ìtọ̀ wà, orúnkún ò sì jẹ́ kí àwọn tètè sọ̀kalẹ̀. Nígbà kan, orí àtẹ̀gùn ni ìtọ̀ ti bọ́ lára wọn. "Èmi tí mo máa ń gbé àádọ́ta èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," bàbá ní, "mi ò lè gbé ara mi dé ilé ìtọ̀." Omi lé ròrò sójú wọn, ó lé sí tèmi náà. Mo kọ ọ́ pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí.

"Ẹ ò bi mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

Ojú tì mí gan-an. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà; èmi ń júwe ọ̀nà fún gbogbo ayé, mi ò bèèrè ibi tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n. Ọjọ́ náà gan-an ni mo yí oògùn yẹn sí òwúrọ̀, mo sì fi ìdárayá orúnkún kún un. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ìfúnpá bàbá ti wálẹ̀. Mo bi àwọn aláìsàn yòókù náà ní ìbéèrè yẹn, tiwọn náà sì ń wálẹ̀. Wọ́n ní òdòdó ìyàwó àwọn nìkan ni ara rẹ̀ ò yá mọ́, bóyá ó ń wá oògùn rẹ̀. Ohùn mi padà lọ́jọ́ kẹfà, ṣùgbọ́n mi ò tètè jẹ́ kí àwọn aláìsàn mọ̀.

Ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, ọ̀gá wọlé pẹ̀lú fáìlì. Mo ti kọ àlàyé ojú-ewé mẹ́fà dè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jókòó sórí àga aláìsàn, mo rí i pé ojú wọn pọ́n, ni mo bá ti àlàyé mi sábẹ́ tábìlì, mo ní, "Ọ̀gá, báwo ni oorun yín?" Mo sì pa ẹnu mi dé. Wọ́n ṣí fáìlì, wọ́n pa á dé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe ti inú lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní kí n má retí àwọn bẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́, kí n sì kọ orúkọ àwọn sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn Bàbá Mo-ti-gbọ́. Bí wọ́n ṣe jáde ni mo jó yí yàrá mi ká!

Inú ijó yẹn ni mo wà tí mo fi rántí lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn. Ìlà kan lo kọ nípa ara rẹ níbẹ̀, o ní ó ń rẹ̀ ọ́ lásìkò yìí, o ò mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Mo fi ojú-ewé mẹ́rin dá ọ lóhùn, ìmọ̀ràn mọ́kànlá. Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan. Má bínú sí mi, ọ̀rẹ́ mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ, àwọn ìbejì àti ìyá wa. Ìwé òfìfo mẹ́rin wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, àti àpò-ìwé tí mo ti lẹ sítáǹbù mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo kọ sókè èyí àkọ́kọ́: kí ló ń dà ọ́ láàmú? Mo ti jókòó sórí àga mi.

Èmi tìrẹ, tí mo ti panu mọ́,

Asọ̀rọ̀-má-sinmi.