Egungun Eku, Egungun Bọ́sẹ̀

Ìsọlọ̀, Ọjọ́bọ̀, 1975

Lónìí, ní yàrá ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, la wọn egungun ẹsẹ̀ àwọn eku tí dókítà yọ ẹran kékeré inú ọrùn wọn, èyí tó ń mú ara dàgbà. Àwọn tí a tètè fún lóògùn ti ga. Àwọn tí a fi oògùn tiwọn falẹ̀ kò bá ẹgbẹ́ mu mọ́.

Bọ́sẹ̀ mi pé ọdún méje, ó dà bí ọmọ ọdún mẹ́ta.

Mo ní, "Sà, tó bá jẹ́ èèyàn ńkọ́?"

Dókítà ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, mo ti fura lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wá síbí lọ́dún tó kọjá pé ẹran ọrùn yẹn kò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

Ọdún kan gbáko ni mo fi ń fún eku lóògùn láràárọ̀.

Ó kọ lẹ́tà fún mi sí ọsibítù. Ó ní bóyá Bọ́sẹ̀ yóò ṣì ga díẹ̀. Bóyá.

Bí mo ṣe ń kọ èyí nílé, Bọ́sẹ̀ ti sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Kò wúwo rárá.