Ọgbà Tí Mo Fi Fọ́tò Bò Mọ́lẹ̀

Èmi, Sọ̀fíyàt Àyọ̀ká Ládòkun, opó olóògbé Ràájí Ládòkun, oníṣẹ́ fọ́tò ní ìlú Ṣakí, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Onífọ́tò, ni mo sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí, Bárísítà Sàlàkọ́ ló sì bá mi kọ ọ́. Orúnkún ń dùn mí, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi fínra, ṣùgbọ́n orí mi pé. Mo mọ ohun tí mo ní, mo mọ àwọn tí mo bí, mo sì mọ ohun tí mo ṣe. Kò sí ẹni tó tì mí, kò sí ẹni tó halẹ̀ mọ́ mi. Ìwé ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú èyí, mo wọ́gi lé e. Èyí nìkan ni kí ẹ tẹ̀ lé.

1. Mo yan Motúnráyọ̀, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìṣẹ́yìn, àti Mákánjúọlá, àbúrò mi ọkùnrin, gẹ́gẹ́ bí alámòójútó ogún mi. Kí wọ́n sin mí ní ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù, kí wọ́n má sì fi falẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fọ́tò mi gàgàrà kọ́ sójú títì. Mo ti fi fọ́tò tan èèyàn jẹ tó.

2. Kámẹ́rà mi méjèèjì, iná inú ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ẹ̀yìn fọ́tò àti ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ fọ́tò, mo fi gbogbo rẹ̀ fún Motúnráyọ̀. Àwọn fọ́tò tí àwọn oníbàárà kò wá gbà, kí ó wá olúwa wọn kàn, kí ó dá wọn padà láìgba kọ́bọ̀.

Bàbá yín ló ra àkọ́kọ́ nínú àwọn kámẹ́rà náà fún mi, lọ́dún tí tábà rẹ̀ tà dáadáa. Ó ní kí n máa ya ìyàwó tuntun àti ọmọ ìkómọ. Mo ń yà wọ́n, òun la sì fi tọ́ yín, ṣùgbọ́n ara òdòdó ni ọkàn mi wà. Òdòdó kì í ṣẹ́jú, kì í sì í wá sí ṣọ́ọ̀bù wá sọ pé mo ti sọ imú òun di ńlá. Bàbá yín a máa rẹ́rìn-ín, a ní, "Àyọ̀ká, èwo nínú wọn ló máa san owó fún ọ?" Síbẹ̀ òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ síbi tí wọ́n bá ti ń tanná. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

3. Àwọn àgùntàn mi, pẹ̀lú àgbò dúdú yẹn, mo fi wọ́n fún Àwáwù, ìyàwó Adékúnlé ọmọ mi. Òun ló ń já ewé fún wọn látìgbà tí orúnkún ti dá mi jókòó.

Àwáwù, nígbà tí o kọ́kọ́ wọlé wa, mo sọ lójú rẹ pé ẹsẹ̀ rẹ kò mú iṣẹ́ ọkọ rẹ dúró. Onílẹ̀ ló lé ọkọ rẹ kúrò níbi tó ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́. Àánú ọmọ mi ló ń ṣe mí, mo sì ń wá ẹni tí n ó di ẹ̀bi rù. Inú àánú yẹn náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wá.

4. Gbogbo fọ́tò òdòdó tí mo yà ní Ògbooro, èyí tí mo tẹ̀ àti èyí tó wà nínú fóònù, ti Florence Ìyápọ̀ ni. Mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe jẹ́ tirẹ̀, nítorí láìsí ọ̀rọ̀ ọgbà yìí, ẹ ó máa béèrè ìdí tí mo fi pín ilé bí mo ṣe pín in.

Florence jẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà ọmọdé tí a ṣì jọ ń dirun. Òun ló gbẹ̀bí Adékúnlé. Ọkọ rẹ̀ fi ilé kan sílẹ̀ fún un ní Ògbooro, ó sì sọ gbogbo àyíká ilé náà di ọgbà. Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òdòdó pupa kan tó rí roboto á yọ láti inú ilẹ̀ lásán, kí ewé rẹ̀ tó jáde rárá. Láàárín òjò, alamáńdà aláwọ̀ ìyeyè á gun ògiri dé ojú fèrèsé. Nígbà àrọ̀kúrò, tannáposó á máa ṣí bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀. Tí ọyẹ́ bá wá dé, tí gbogbo koríko ilẹ̀ wa gbẹ, tí iná ìgbẹ́ ń jó kiri, bọ̀gẹnfílíà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan ni yóò máa dán bí aṣọ tuntun. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń lọ yà wọ́n. Á dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú agolo omi, á ní, "Àyọ̀ká, má tẹ tannáposó mi mọ́lẹ̀ o."

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú un lápá òsì, Ìdòwú, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un láyé, wá gbé e lọ sí Ìbàdàn. Kó tó wọ mọ́tò, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé mi lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ. "Máa bomi rin wọ́n. Máa yà wọ́n ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù. Bí mo bá ń rí wọn, n ó mọ̀ pé mo ṣì nílé."

Ọdún méjì ni mo fi ṣe é láìyẹ̀. Mo gba ẹnì kan tó ń pọn omi, èmi náà ń gun ọ̀kadà lọ láti Ṣakí. Mo ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, òun náà ń fi ohùn ránṣẹ́ padà. Lóṣooṣù ni ohùn yẹn ń lágbára sí i.

Lẹ́yìn náà ni onílẹ̀ lé Adékúnlé. Ó jókòó sílé, kò jẹun, ìyàwó rẹ̀ lóyún. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Màámi, ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì ní Ògbooro, ṣé wọn ò ní jẹ́ kí n fi ẹ̀gbẹ́ títì ṣe búlọ́ọ̀kù títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí?" Mo ní n ó bi í. N kò bi í. Lọ́jọ́ kejì mo ní Florence ti gbà, mo sì fún ọmọ mi ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀gbẹ́ títì nìkan la jọ sọ. Ṣùgbọ́n ọjà ń yá, tírélà yanrìn sì nílò àyè láti yí. Mo rí bí ó ṣe ń fẹ̀ sí i. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ, n ó sọ pé n ó bá a wí lọ́la. Nígbà tí àkọ́rọ̀ rọ̀, mo gbé kámẹ́rà mi dé ibẹ̀, òkìtì yanrìn ló wà níbi tí òdòdó pupa máa ń ti yọ. Wọ́n ti gé bọ̀gẹnfílíà nítorí mọ́tò. Mo padà sílé láìya ohunkóhun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ohùn Florence wọlé: "Àyọ̀ká, òjò ti rọ̀ níbí. Ṣé àwọn pupa yẹn ti yọ?"

Mo wá fọ́tò èṣí jáde, mo sì fi ránṣẹ́. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ohùn tó fi dá mi lóhùn, ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ mi gbẹ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe é. Bí òjò bá ń rọ̀, n ó fi ti òjò ránṣẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, n ó fi ti ọyẹ́ ránṣẹ́. Mo mọ bí mo ṣe ń gé etí fọ́tò kí ó má dà bí èyí tí mo ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ìgbà kan ó ní, "Alamáńdà yìí ti dé fèrèsé lọ́dún tó kọjá, kí ló dé tó tún kúrú?" Mo ní mo gé e ni. Ó ní, "O ṣeun. O mọ̀ ọ́n gé ju èmi lọ."

N kò mọ ohun tí fọ́tò mi ń ṣe ní Ìbàdàn. Ìdòwú fẹ́ ta ilé Ògbooro, kí ó fi kọ́ yàrá ìsàlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kí obìnrin náà má baà máa gun àtẹ̀gùn mọ́. Florence na fóònù sí i lójú, ó ní, "Ṣé ibi tó ń tanná báyìí lo fẹ́ tà?" Ọ̀rọ̀ náà dìjà. Wọ́n sọ ohun tí ìyá àti ọmọ kì í sọ síra wọn. Nígbà tí ọyẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ mọ́tò èrò, ó ń bọ̀ wálé. Ìṣẹ́yìn ló ti pè mí. "Mo ti dé Ìṣẹ́yìn. Má sọ fún Ìdòwú. Ògbooro ni mò ń lọ tààrà, mo fẹ́ bá oòrùn níbẹ̀."

Mo ní àyè láti sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Mo ní kí ó ra omi mu lọ́nà.

Nígbà tí ọ̀kadà fi máa gbé mi dé Ògbooro, ó ti jókòó lórí búlọ́ọ̀kù. Adékúnlé wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Màámi ní ẹ mọ̀ sí i." Florence kò wo ojú rẹ̀. Èmi ló wò.

"Àyọ̀ká, èwo lo ń fi ránṣẹ́ sí mi?"

"Ti àtẹ̀yìnwá ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ìka nu yanrìn kúrò lójú fóònù rẹ̀, ó tún wò ó. Ó ní, "Mo ti sọ fún ọmọ mi pé kò ní dùn mí bó bá kú. Nítorí èyí." Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi ká ní ó pariwo.

Sìmẹ́ńtì kún yàrá rẹ̀ dé àjà, kò síbi tó lè sùn. Mo mú un wá sí Ṣakí. Yàrá iwájú ilé mi ló ń gbé títí di òní. A jọ ń jẹun. Ó ń béèrè iyọ̀, ó ń béèrè oògùn rẹ̀, ó sì ń kí mi láàárọ̀. Kò dá ọ̀rọ̀ ọgbà sílẹ̀ rí. Ìdòwú kì í gbé ìpè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì, èmi ni mo gbìn ín, òun nìkan ni ohun tí mo gbìn tó hù.

5. Ilẹ̀ mi tó wà lọ́nà Ìgbòho, mo fi í fún Adékúnlé. Kí ó kó ẹ̀rọ àti búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kúrò ní Ògbooro kí oṣù yìí tó parí, ìbáà jẹ́ pé mo wà láàyè tàbí n kò sí.

Adékúnlé, o sọ pé mo sọ ọ́ di olè lójú ìyá tó gbẹ̀bí rẹ. Òótọ́ lo sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ọmọ mi lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn mi.

6. Ilé tí mò ń gbé yìí, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù iwájú rẹ̀, mo fi í fún Florence Ìyápọ̀ títí láé. Lèmọ́mù àdúgbò wa ti bá mi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ilé náà kò kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo ní, ìyẹn sì ni ẹ̀sìn wa fún mi láyè láti fi fún ẹni tí kì í ṣe ajogún mi.

Nígbà tí Motúnráyọ̀ gbọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ilé tí ẹ bí wa sí?" Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ilé tí mo bí yín sí.

7. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, kí ẹ pín in bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Ẹ má jà.

Mo ti rò pé ibẹ̀ ni ìwé yìí máa parí sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bárísítà Sàlàkọ́ kà á tán ní yàrá iwájú lónìí, níṣojú ẹlẹ́rìí kìíní, Tàjúdéènì Àpọ́nlé tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ẹlẹ́rìí kejì kò tíì dé. Florence, tó ti ń gbọ́ láti orí àga rẹ̀, ní òun ni yóò fọwọ́ sí i.

Bárísítà ní, "Mà, òfin kò gbà kí ẹlẹ́rìí jẹ nínú ogún. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ilé yìí ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn."

Ó ní, "Mo gbọ́. Mú bírò wá."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo pe oríkì rẹ̀. Ìgbà náà ló kọjú sí mi. "Ilé kọ́ ni mo fi sí ọ lọ́wọ́, Àyọ̀ká. Ọgbà ni."

Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n ṣe.

"Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, a jọ ń lọ sí Ògbooro. Ìwọ ni wàá gbẹ́lẹ̀. Kì í ṣe Adékúnlé, kì í ṣe alágbàṣe."

Mo ní, "Pẹ̀lú orúnkún mi yìí?"

Ó ní, "Èmi náà, apá kan ni mo ní. Fi kámẹ́rà sílé."

Bárísítà ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kò yẹ nínú ìwé ìhágún, nítorí lẹ́yìn ikú ni ìwé ìhágún ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí ó kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní kí ó má pa ẹsẹ̀ kẹfà rẹ́ náà, bí òfin tilẹ̀ máa dá ilé padà sínú ohun tí ẹ ó pín, kí ẹ lè mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. N kò mọ̀ bóyá ìdáríjì ló wà nínú ohun tí Florence sọ, tàbí ìyà. N kò bi í. Òjò ni mò ń retí.

Mo fọwọ́ sí i ní Ṣakí, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Èrèlé, ọdún 2025, níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, àwọn náà sì fọwọ́ sí i níṣojú mi.

Sọ̀fíyàt Àyọ̀ká Ládòkun

Ẹlẹ́rìí kìíní: Tàjúdéènì Àpọ́nlé, alátùn-únṣe aago, Ṣakí

Ẹlẹ́rìí kejì: Florence Ìyápọ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ògbooro