Ẹ̀wù Tí Mo Rán fún Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé. Gbogbo ìgbà tí o ń pè mí lórí fóònù, tí o ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ilé ìwé ti ń mọ́ ọmọ mi lára?" tí mo ń sọ pé kò sí wàhálà, irọ́ ni mo ń pa fún ọ. Wàhálà wà. Ọmọ rẹ ń tọ̀ sára ní kíláàsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, ọwọ́ èmi ẹ̀gbọ́n rẹ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì ti wá. Jọ̀ọ́, má tíì dìde lórí ìjókòó. Ó ti parí, ó sì parí sí ayọ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní lè di bíírò mú lónìí.

Ó dáa, báwo ni ara rẹ? Mo gbà á ládùúrà pé ẹsẹ̀ tí o fi ń dúró ní wọ́ọ̀dù láti àárọ̀ kò wú, pé o ń rí oúnjẹ jẹ lásìkò, àti pé àwọn ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ yín níṣẹ́ kì í kanra mọ́ ọ. Àwa níbí ń dúpẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, orí ń fọ́ mi díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, Ẹ̀gà sì wà pẹ̀lú ariwo rẹ̀. Ẹyẹ ẹ̀gà gan-an kò lè pariwo tó ọmọ tí a fi orúkọ rẹ̀ pè yìí.

Ìdí tí mo fi purọ́ kò jìnnà. Nígbà tí o ń lọ, o dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, àpò lọ́wọ́, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ara ọmọ yìí kò bá gbà á, ẹ sọ fún mi o. Màá fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, màá padà wálé." Mo mọ̀ ọ́, ohun tí o bá sọ ni o máa ń ṣe. Bí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ tí o ti ń lé láti kékeré yóò bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí n kò bá sọ ọ́, ọmọ ń jìyà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé ìwé ní kí òbí kọ̀ọ̀kan rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀: ẹ̀wù péńpé àti ṣòkòtò onírọ́bà. Onírọ́bà kẹ̀? Èmi? Télọ̀ tí àwọn ìyàwó ń gbára lé fún aṣọ ìgbéyàwó? Mo ní ọmọ àbúrò mi kò ní wọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè rán. Mo so ṣòkòtò mọ́ ẹ̀wù, mo fi ìgbànú gbá a, mo sì to bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Ó wuyì! Àwọn oníbàárà ń dá ọmọ dúró, wọ́n ń yí i po, wọ́n ń ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi rán irú èyí fún tèmi náà." Orí mi wú. Kò sọ sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ta ni yóò máa tú bọ́tìnnì ẹ̀yìn fún ọmọ náà bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n.

Lójú tèmi, A-B-D ni wọ́n ń kọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi. O mọ̀ pé ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ ti di olódo. Láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ti ń kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n dé òpin. Àmọ́ èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, èmi ni mò ń wọ bàtà fún un, èmi ni mò ń gbé báàgì rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, èmi ni mò ń dáhùn. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá káwọ́ sókè ló ní kí a gbé òun. Èmi, ọmọ tí kò káwọ́ rárá ni mo ń gbé kiri.

Nígbà tó yá, ṣòkòtò tútù bẹ̀rẹ̀ sí í bá báàgì wálé nínú ọ̀rá. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní Ẹ̀gà kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, Ẹ̀gà tiwa yìí o! Ó ní bí a bá fi dé ìsinmi àárín sáà tí kò tíì lè dá ara rẹ̀ tọ́jú, àwọn yóò ní láti dá a padà sí yàrá àwọn ọmọ ọwọ́. Inú bí mi. Mo ní, "Ọmọ tó mọ A-B-D dé òpin?" Ó ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀ sà. A-B-D kò sá lọ. Ohun tí a kọ́kọ́ ń kọ́ wọn bí ọdún bá bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n lè sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, kí wọ́n lè dúró kí ó kàn wọ́n, kí wọ́n lè ṣí ike omi, kí wọ́n lọ tọ̀, kí wọ́n fọwọ́, kí wọ́n padà jókòó. Ọmọ yín mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Ó máa ń sáré dé ibẹ̀. Ẹ̀wù yìí ni kì í jẹ́ kó rí i tọ̀. Èmi fúnra mi, kí n tó tú u tán, ó ti tán." Ó wá yí ẹ̀yìn ọmọ sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ rán an, ṣé ẹ lè dá tú bọ́tìnnì ẹ̀yìn tiyín?"

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ro ẹjọ́ fún aránbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pé bóyá yóò bá mi bínú sí olùkọ́. Ẹ̀rín ló bú sí! Ó ní, "Ọ̀gá télọ̀, ẹ̀wù ẹlẹ́wọ̀n lo rán fún ọmọ ọlọ́mọ! Kí ló dé tó ò kúkú fi àgádágodo sí i?" Mo fẹ́ bá a jà, ẹ̀rín sì gba ìjà lọ́wọ́ mi. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo tú gbogbo rẹ̀, mo gé ṣòkòtò kúrò lára ẹ̀wù, mo sì ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Ẹ̀gà wọ̀ ọ́, ó bọ́ ọ, ó tún wọ̀ ọ́, lójú àwọn oníbàárà, èmi sì ń pariwo: "Ẹ wò ó! Ó ń bọ́! Ó tún ń wọ̀!" Ọlọ́run ló mọ iye ojú tó rí ìdí ọmọ rẹ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀bù mi ti di kíláàsì kejì. Olùkọ́ sọ fún mi pé kò sí ohun tí òun ń kọ́ wọn tí ilé kò lè tì lẹ́yìn. Agolo bọ́tìnnì di ìwé ìṣirò: pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, kà á kí n gbọ́. Àjákù aṣọ ni ó fi ń kọ́ bí a ṣe ń di àlùmọ́gàjí kékeré mú. Nírọ̀lẹ́, mo ń ka ìtàn fún un, mo sì ń bi í pé kí ni wọ́n ṣe lónìí, ta ni ó bá ṣeré. Èyí tó le jù fún mi ni kí n káwọ́ gbera kó máa wọ bàtà ọ̀tún sí tòsì. Ọwọ́ mi ń yún mi, mo fi ìdí jókòó lé e. Bí oníbàárà bá bi í lórúkọ, màá yára fi òwú há eyín kí n má baà dáhùn. Bí mo bá gbàgbé tí mo na ọwọ́, ariwo á ta: "Ẹ má fọwọ́ kàn án, Bàbá Télọ̀! Èmi ni mo máa ṣe é!"

Lónìí, wọ́n pe àwa òbí kí a wá wo àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìsinmi, nítorí náà mo mọ̀ pé ìdájọ́ ti dé. A tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ọmọ wà lórí ẹní. Láàrin ìtàn, Ẹ̀gà nawọ́ sókè, ó sì fi ohùn tí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ sọ pé, "Ántí, ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí!" Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi ti ṣí láti tẹ̀ lé e, olùkọ́ wò mí, mo di fèrèsé mú gírígírí. Ó lọ. Mo gbọ́ tí omi ń dà. Ó padà, ṣòkòtò rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú, ọwọ́ rẹ̀ ń kán tótó, ó gbé e sókè hàn wá: "Mo ti fọ̀ ọ́ o!" Kí ó tó jókòó, ó rí ọmọ kan tó ń bá bọ́tìnnì ara rẹ̀ jìjàkadì. Ó tẹ̀ ba, ó ní, "Má fipá fà á. Rọra. Wá ihò rẹ̀ ná." Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn, ó kù kó sọ iye owó iṣẹ́ fún un! Olùkọ́ wá bá mi, ó ní, "Bàbá, ọmọ yìí kò lọ síbì kankan mọ́ o. Ọmọ kíláàsì wa ni." Àbúrò mi, àgbàlagbà bíi tèmi fò sókè, díẹ̀ ló kù kí n forí sọ fáànù.

Nítorí náà, má di ẹrù kankan. Jókòó ti ìwé rẹ títí o fi máa gba ìwé ẹ̀rí. Dárí irọ́ tí mo pa jì mí. Mi ò mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ni ìbá ti ṣe é dáa jù mí lọ, mo ṣì ń rò ó. Ṣùgbọ́n bí o bá tún pè, má bi mí mọ́. Ní kí n gbé fóònù fún ọmọ rẹ, yóò dá ọ lóhùn fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú aláìsàn, àrùn kò ní bá a gbé. Iṣẹ́ tí o bẹ̀rẹ̀, wàá parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọmọ tí o fi sílẹ̀ yóò gbó, yóò tọ́, yóò sì bá ọ gbé àpò wálé lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Télọ̀.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ pa ìwé yìí dé ni Ẹ̀gà wá sọ pé òun ní ẹjọ́. Ó ní ọmọ kíláàsì òun kankan kò ní bàbá tó ń bá a wọlé títí dórí ẹní, pé mo ti ń dójú ti òun. Mo rò ó, mo tún rò ó. Lọ́la, ẹnu géètì ni n ó dúró.